Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀ Nítorí Amẹ́ríkà, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Bírò Ààrẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti já pa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tú àpò nítorí wọn, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí ẹ gbọ́ ọ lójú fèrèsé ẹ́ḿbásì lọ. Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo ń gbé, ìtòsí Washington, níbi tí òfin Amẹ́ríkà ti ń jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹnì kan má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí adimíṣọ̀n o, ejẹ́ǹtì ní kí n tètè sanwó." Èmi náà á bi wọ́n bóyá ejẹ́ǹtì ọ̀hún sọ fún wọn nípa ìkéde tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Àwọn mìíràn á dákẹ́. Àwọn mìíràn á ní ejẹ́ǹtì sọ pé òun máa yanjú ẹ̀.

Kò sí ejẹ́ǹtì tó lè yanjú ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ìkéde náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dá físà ìbẹ̀wò àti ti òwò dúró fún ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn B-1 àti B-2. Ó dá F àti M ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Ó dá J dúró, èyí tí àwọn olùwádìí àti àwọn dókítà tó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ sí i ń lò. Ó sì tún dá físà àwọn tó fẹ́ kó wá máa gbé ibí pátápátá dúró. Benin wà nínú ẹ̀. Togo ti bọ́ sínú irú ẹ̀ ṣáájú, nínú ìkéde oṣù Kẹfà ọdún 2025. Nítorí náà, yálà Ìbàdàn lẹ ti ń ka èyí, tàbí Kétu, tàbí Atakpamé, ẹ ò yàtọ̀ síra. Ẹni tí físà ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò tíì parí kí ọjọ́ náà tó pé kò sí lára wọn, ẹni tó ní gíríìn káàdì kò sí lára wọn, ẹni tó sì ní páásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọn ò dárúkọ lè fi ìyẹn rìn. Àwọn ìyókù, àfi kí wọ́n ní sùúrù.

Kò sí aṣòfin kan ṣoṣo tó dìbò lórí ìkéde yìí. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ọ̀pọ̀ yín ló rò pé ilẹ̀ òfin ni Amẹ́ríkà, pé bí ìwé yín bá ti pé, òfin á máa ṣọ́ yín. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ àjèjì, ohun tí a fẹsẹ̀ lé jù ni ìbuwọ́lù ẹnì kan ṣoṣo, ọwọ́ ẹni náà sì ti ń gùn sí i láti bí ọgọ́rin ọdún ó lé.

Ìwé òfin wọn ti ọdún 1787 pín agbára sí ọ̀nà mẹ́ta: aṣòfin á ṣòfin, Ààrẹ á mú un ṣẹ, adájọ́ á túmọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà níléèwé nìyẹn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn la ti kó o wọlé ní 1979 nígbà tí a pa ètò tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ tì. Ẹ̀yin tí ẹ rí oṣù Kẹta ọdún 2025 ní Nàìjíríà, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ìlú-ò-fararọ ní ìpínlẹ̀ Rivers, tó ní kí gómìnà lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, tí àwọn aṣòfin sì fi ariwo ẹnu fọwọ́ sí i láì ka ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀ fún yín nípa ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Níbo wá ni Ààrẹ Amẹ́ríkà ti rí agbára láti ti ilẹ̀kùn mọ́ odidi orílẹ̀-èdè? Àwọn aṣòfin ló gbé e fún un fúnra wọn. Ní 1952 wọ́n ṣe òfin ìwọlé àti ìjáde àjèjì. Nínú abala 212 ẹ̀, wọ́n ki gbólóhùn kékeré kan bọ̀ ọ́, tí wọ́n sàmì f sí. Ó ní bí Ààrẹ bá rí i pé ìwọlé àjèjì èyíkéyìí, tàbí irú àjèjì èyíkéyìí, máa pa ire Amẹ́ríkà lára, ó lè fi ìkéde dá a dúró, fún iye ìgbà tó bá rí i pó yẹ. Wọn ò ní kó mú ẹ̀rí wá, wọn ò sì ní kó padà wá gba àṣẹ. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ ni pé Ààrẹ Truman kọ̀ láti buwọ́ lu òfin yẹn, nítorí bó ṣe ka àwọn ẹ̀yà kan kún ju òmíràn lọ. Àwọn aṣòfin fi ìdá méjì nínú mẹ́ta borí ẹ̀ nínú oṣù Kẹfà ọdún náà. Nínú oṣù kan náà yẹn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti kọ́kọ́ dá Truman lẹ́kun nígbà tó fẹ́ fi àṣẹ gba àwọn ilé iṣẹ́ irin lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n nítorí ogun Korea. Adájọ́ mẹ́fà ní kò lẹ́tọ̀ọ́, mẹ́ta ní ó ní. Ọwọ́ kan ń gba agbára lọ́wọ́ Ààrẹ, ọwọ́ kejì ń kó òmíràn fún un.

Fún ọdún pípẹ́, ohun kéékèèké ni wọ́n ń fi gbólóhùn yẹn ṣe: àwọn ọ̀gágun tó fipá gbàjọba níbì kan, àwọn olówó tó ń ran apániláyà lọ́wọ́, àwọn ọkọ̀ ojú omi láti Haiti. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2017, ọjọ́ Ẹtì, Trump fi lé orílẹ̀-èdè méje sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà: Iran, Iraq, Libya, Somalia, Sudan, Syria àti Yemen. Àwọn kan ti wà nínú ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú físà tó dáa lọ́wọ́. Kí wọ́n tó balẹ̀, físà ọ̀hún ti di bébà lásán. Àwọn lọ́yà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú JFK àti Dulles, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé itan, wọ́n ń kọ ìwé ẹjọ́ fún àwọn tí wọn ò rí rí. Àwọn adájọ́ dá àṣẹ náà dúró, ìjọba tún un kọ, wọ́n tún un dá dúró, ìjọba tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, márùn-ún sí mẹ́rin. Ohun tí olórí wọn, Adájọ́ Roberts, sọ ni pé gbogbo apá gbólóhùn yẹn ló ń bu ọlá fún ìpinnu Ààrẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Nàìjíríà tó wà níbí ò bá wọn dá sí i nígbà yẹn. Wàhálà àwọn Lárúbáwá ni, ohun tí àwọn kan sọ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ọ níbi ìnáwó. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020, wọ́n fa pàṣán náà yọ sí wa: láti ọjọ́ 21 oṣù Kejì, kò sí físà ìgbé-pátápátá fún ọmọ Nàìjíríà mọ́. Àwọn tó ti fi ọdún púpọ̀ dúró de ọkọ, de aya, de ìyá, tí wọ́n ti sanwó, tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò ara, ibẹ̀ ni wọ́n há sí. Biden fa ìkéde yẹn ya lọ́jọ́ tó gorí àlééfà gan-an, ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2021. Àwọn ènìyàn wa jó. Ṣùgbọ́n bírò ló fà á ya o, kì í ṣe òfin. Gbólóhùn ọdún 1952 ṣì wà ní àyè ẹ̀, ìdájọ́ ọdún 2018 ṣì wà lórí ẹ̀. Ohun tó bá wa ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 tilẹ̀ tún fẹ̀ ju ti 2020 lọ, torí ti ìṣáájú kò fọwọ́ kan akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni mò ń sọ, pé bí ọkùnrin yìí bá ti lọ, ara á tù wá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Roosevelt buwọ́ lu àṣẹ 3,721 láàárín ọdún méjìlá tó fi jẹ Ààrẹ, kò sì sí ẹni tó tíì sún mọ́ iye yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1942, tí wọ́n fi kó àwọn ènìyàn tó tó 120,000, tí orísun wọn jẹ́ Japan, lọ sí àgọ́ nínú aṣálẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i ní 1944. Ẹgbẹ́ Democrat ni Roosevelt, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń dìbò fún níbí.

Lẹ́yìn bí Ààrẹ Nixon ṣe ṣi agbára lò, àwọn aṣòfin gbìyànjú láti gba okùn padà. Wọ́n ṣe òfin ogun ní 1973, wọ́n ṣe ti owó ìlú ní 1974, wọ́n ṣe ti ìkéde ìlú-ò-fararọ ní 1976. Nínú èyí tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n fi ọgbọ́n kan sí i: bí ilé aṣòfin méjèèjì bá ti dìbò pé ìlú-ò-fararọ tí Ààrẹ kéde ti tó, ó parí nìyẹn, kò nílò ìbuwọ́lù ẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ba ọgbọ́n yẹn jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Áfíríkà ni, tí físà ẹ̀ ti parí.

Jagdish Rai Chadha lorúkọ ẹ̀. Kenya ni wọ́n bí i sí, ìdílé àwọn ará Íńdíà ló ti jáde, páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ló sì mú rìn. Ó wá kàwé ní Ohio. Nígbà tí físà ẹ̀ parí ní 1972, kò rí ilẹ̀ tó máa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ṣàánú ẹ̀, ó ní kó máa dúró. Òfin ìgbà náà fún ilé aṣòfin kan ṣoṣo lágbára láti wọ́gi lé irú àánú bẹ́ẹ̀, àwọn aṣojú-ṣòfin sì wọ́gi lé ti Chadha ní 1975, láì bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 1983 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre, méje sí méjì: bí aṣòfin bá fẹ́ yí nǹkan padà, ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ dìbò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e fún Ààrẹ láti buwọ́ lù. Chadha bọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìdájọ́ kan náà, okùn tí àwọn aṣòfin so mọ́ ẹsẹ̀ Ààrẹ nínú òfin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 já pátápátá. Láti ìgbà náà, kí aṣòfin tó lè fòpin sí ìlú-ò-fararọ tí Ààrẹ kéde, àfi kí Ààrẹ fúnra ẹ̀ gbà, tàbí kí wọ́n rí ìdá méjì nínú mẹ́ta. A rí i ní 2019: Trump kéde ìlú-ò-fararọ kó lè rówó mọ odi sí ibodè Mexico, ilé méjèèjì dìbò ta kò ó, ó kọ̀ ọ́, wọn ò rí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Odi ń lọ. Mo fẹ́ràn ìtàn Chadha yìí gan-an torí pé ó jàre, ó sì tọ́ kó jàre, síbẹ̀ àwa tó dé lẹ́yìn ẹ̀ là ń san gbèsè ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé nígbà tí bírò bá ń ṣe wá lóore ni nǹkan dáa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, Obama fi ìlànà kan gbé DACA kalẹ̀, ètò tó ní kí wọ́n má lé àwọn tí wọ́n gbé wá ní kékeré láì ní ìwé. Àwọn aṣòfin kọ̀ láti ṣe é lófin. Nígbà tó di 2014, Obama tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé òun ní bírò, òun sì ní fóònù. A pàtẹ́wọ́ fún un. Trump fẹ́ pa á rẹ́ ní 2017. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò pa á bó ṣe yẹ, márùn-ún sí mẹ́rin, ní 2020. Àwọn tó bọ́ sínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní girama ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí, ọdún méjì méjì ni wọ́n ṣì ń tún ìwé náà ṣe, ilé ẹjọ́ ò sì yéé dá ẹjọ́ lé e lórí. Biden náà fẹ́ fi àṣẹ pa gbèsè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́, nǹkan bí 400 bílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti ń ṣírò ohun tí wọ́n máa fi èyí tó bá ṣẹ́kù rà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní kò lẹ́tọ̀ọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ gbà nínú gbogbo ìtàn yìí nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá na ìwé kan sí yín pé ó lè mú yín dé Amẹ́ríkà, ẹ bi í bóyá òfin aṣòfin ló bí ìwé náà àbí bírò Ààrẹ, kí ẹ sì bi í pé ta ló lè dá a dúró, àti pé ọjọ́ mélòó ló máa gbà á. Ìdáhùn ìbéèrè kejì ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ wo ti H-1B, físà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Trump buwọ́ lu ìkéde pé kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú ẹnì kan wọlé san 100,000 dọ́là. Kété tí aago méjìlá òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú bá ti kọjá, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn lọ́yà ilé iṣẹ́ ńláńlá ń kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ wọn tó wà lẹ́yìn odi pé kí wọ́n padà kí ọjọ́ kan tó pé. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ti wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Abẹ́òkúta fún ìsìnkú nígbà yẹn, wọn ò tíì kó abọ́ jíjẹ mímu kúrò nílẹ̀ tó ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì kiri, ní iye tí kò ṣeé fẹnu sọ. Ọjọ́ Sátidé ni ìjọba tó wá ṣàlàyé pé ìwé ìbéèrè tuntun nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀rẹ́ mi ti nawó tán.

Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbí. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà dín físà ọmọ Nàìjíríà kù: oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó gba irú ẹ̀ wọlé lè parí ẹ̀kọ́ wọn bí wọ́n bá ń pa òfin iléèwé mọ́, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jáde, wọ́n nílò físà tuntun láti padà, físà tuntun ọ̀hún sì ni ìkéde oṣù Kejìlá tì pa. Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ bá kú ní Ṣakí. Ojú fóònù ló ti máa wo ìsìnkú, bóyá ní aago mẹ́ta òru, kó tó lọ ṣe ìdánwò láàárọ̀. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gbé ọmọ yín lọ sí orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tó ní irú bírò yìí, ẹ jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ ikú. Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́.

Ẹ má sì fi ilé ẹjọ́ ìmígíréṣọ̀n gbọ́kàn bí ẹ ṣe máa fi ilé ẹjọ́ gidi gbọ́kàn. Abẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ ni àwọn adájọ́ yẹn wà. Ẹni tí Ààrẹ yàn ni ọ̀gá wọn, ó lè gba ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn kó dá a fúnra ẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n lọ sílé. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n lé ní 2025. Ìjọba kì í sì gba lọ́yà fún yín níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á fún olè tí kò lówó. Àpò yín lẹ máa fi wá a.

Àwọn tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà ńkọ́? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti le díẹ̀. Bí ẹ bá ti ní gíríìn káàdì, tí ọdún márùn-ún pé, tàbí mẹ́ta fún ẹni tó fẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí ẹ sì pa ìlànà tó kù mọ́, ẹ má fi falẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò gba ti ìbílẹ̀ yín lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ò dá oúnjẹ yín dúró. Àdúgbò wa yìí, Prince George's County, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ló ń jẹun lára iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, títí kan ọmọ Yorùbá tí kò kéré. Nígbà tí 2025 bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ máa lọ. Wọ́n tú USAID ká, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Kennedy ló fi àṣẹ dá a sílẹ̀ ní 1961, àwọn aṣòfin sì fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1998, síbẹ̀ nígbà tó fi di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti kó ìyókù ẹ̀ sábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè. Owó tí àwọn aṣòfin ti yà sọ́tọ̀ ni, òfin ọdún 1974 sì wà níbẹ̀ pé Ààrẹ ò lè dá owó dúró tìkára ẹ̀. Ilé tí wọ́n fi gbèsè báǹkì rà ni àwọn tọkọtaya kan tí mo mọ̀ padà tà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rò ó láti wá bímọ síbí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó padà dépò, Trump buwọ́ lu àṣẹ pé ọmọ tí ìyá ẹ̀ wà níbí pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìbẹ̀wò, tí bàbá ẹ̀ ò sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí onígíríìn káàdì, kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn, ti ọdún 1868, sọ nǹkan mìíràn. Ìdájọ́ ọdún 1898 lórí Wong Kim Ark, ọmọ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n bí ní San Francisco, náà sọ nǹkan mìíràn. Àwọn adájọ́ tètè dá àṣẹ náà dúró. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wá ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, mẹ́fà sí mẹ́ta, pé adájọ́ kékeré kan ò lè máa fi ẹjọ́ ẹnì kan dá àṣẹ Ààrẹ dúró fún gbogbo ìlú. Àwọn lọ́yà sáré yí ẹjọ́ náà sí ti àjọpẹ́jọ́ kí ọwọ́ àṣẹ náà má baà tó àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ọmọ jòjòló, iyàn lórí ọmọ onílẹ̀ ló jẹ́ àbí kò jẹ́ ti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Láti 2020 sì ni òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì ti láṣẹ láti kọ físà ìbẹ̀wò fún ẹni tó bá fura pé ìdí yẹn ló ń bá lọ.

Kí n má baà purọ́ mọ́ bírò, kì í ṣe gbogbo ìdènà ló ti ọ̀dọ̀ Ààrẹ wá. Visa lottery tí ẹ ń gbọ́, òfin ọdún 1990 ló yọ Nàìjíríà kúrò nínú ẹ̀ láti ti ọdún 2015, torí pé a ti pọ̀ jù níbí. Ẹni tó bá ń ta fọ́ọ̀mù ẹ̀ fún yín ní kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, olè ni. Owó orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lórí owó ìnáwó tí a bá fi kéèṣì ránṣẹ́ sílé láti ọdún 2026, àwọn aṣòfin ló dìbò sí i. Mo lè bínú sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó kéré tán mo mọ orúkọ ẹni tí mo máa pè. Ẹnì kan ló ń ṣojú àdúgbò mi, ó ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ń gbé fóònù.

Ogun náà ti di ti bírò. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2025, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí àwọn agbébọn ní ìpínlẹ̀ Sokoto. Ìjọba Nàìjíríà ní àwọn mọ̀ sí i. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ò dìbò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín bọ́ǹbù yẹn àti ìkéde físà, ìbuwọ́lù kan náà sì ló wà nídìí méjèèjì.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi pé àwa tí a ti jẹun yó là ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo yé e. Èmi kọ́ ni mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá: owó oṣù ibí ṣì ń kọ́lé ní Ọ̀ṣun, iná mànàmáná ṣì ń wà, àwọn ilé ìwé wọn ṣì dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má fi ohun tí kò ṣeé rà padà ra ohun tí bírò lè gbà lọ́jọ́ Ẹtì. Ilẹ̀ bàbá ẹni wà lára wọn. Iṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ́ tó fẹ̀yìntì wà lára wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ti mọ̀ yín níbẹ̀ wà lára wọn.

Ẹ̀yin tí adimíṣọ̀n ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ̀wé sí iléèwé kí wọ́n sún un síwájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà. Ẹ má san owó ìdúró títí físà á fi ṣí. Owó SEVIS, ìyẹn owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, 350 dọ́là, àti owó físà, 185 dọ́là, wọn kì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ yín, nítorí náà ẹ fi pamọ́ sọ́wọ́ ná. Bí ejẹ́ǹtì bá ti gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ìkéde Ààrẹ bá dí ọ̀nà, òun á dá owó padà láàárín iye ọjọ́ kan pàtó, kó buwọ́ lù ú, kí ẹlẹ́rìí náà buwọ́ lù ú. Àwọn tó ní ìbéèrè nípa H-1B tàbí ìwé ìdílé, ẹ bi mí, màá dáhùn èyí tí mo bá mọ̀, màá sì tọ́ka yín sí lọ́yà lórí ìyókù. Ti ejẹ́ǹtì tó ní òun mọ ẹnì kan nínú ẹ́ḿbásì, ẹ má wulẹ̀ bi mí.